Ọ̀nà Inú Igbó ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Bí A Ṣe Là Wọ́n àti Ìdí tí Wọ́n Fi Ń Padà Di Igbó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àwọn ọ̀nà tí ó gba inú igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní gúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó, láti ayé ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ títí di ayé agbégilódò, jíìpù àti alùpùpù. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà tẹ̀ lé ní pàtàkì: Ọ̀nà Òǹdó tí ìjọba Èkó ṣí ní 1872, ọ̀nà àwọn tí ó wá ọ̀dà ilẹ̀ láàárín 1908 sí 1914, àti ọ̀nà àwọn oníṣòwò gẹdú. Àbájáde rẹ̀ ni pé àǹfààní àwọn ará òde ni ó bí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé nígbà tí àǹfààní náà dópin, igbó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, àyàfi níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ti sọ ọ̀nà náà di tiwọn. Iṣẹ́ náà fi ìmọ̀ràn fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, nípa bí wọ́n ṣe lè ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kí ìrántí wọn tó parẹ́.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ẹni tí ó fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mu. Bí a bá bi àgbà léèrè ìtàn ìlú kan, ọ̀rọ̀ oyè, ọba àti ibi tí àwọn baba ńlá ti ṣí wá ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a lè gbà wọ inú ìtàn náà, èyí ni ọ̀nà fúnra rẹ̀: ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ̀ títí tí ó fi le, tí táyà ọkọ̀ gbẹ́ títí tí ó fi di kòtò, tí ewéko sì bò nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń gbà á mọ́.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè lónìí. Àwọn Òǹdó wà ní àríwá wọn, àwọn Ìlàjẹ wà ní gúsù níbi tí ilẹ̀ ti ń di omi òkun, àwọn Àpóì àti Ìjọ́ Àrògbò sì múlé tì wọ́n. Ilẹ̀ Benin wà ní ìlà oòrùn, ti Ìjẹ̀bú sì wà ní ìwọ̀ oòrùn. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kò mọ sí títì ọlọ́dà nìkan. Ipa ẹsẹ̀, ojú omi, ọ̀nà tí a fi ń fa gẹdú, àti ọ̀nà erùpẹ̀ tí jíìpù tàbí alùpùpù nìkan lè gbà, ọ̀nà ni gbogbo wọn.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà fẹ́ dáhùn kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ó mú kí ọ̀nà kan pẹ́ nínú igbó, tí òmíràn fi di ìgbàgbé? Ìdáhùn rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó ń fẹ́ ìdàgbàsókè ìgbèríko, ó sì kan olùkọ́ tí yóò lọ kọ́ni ní abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ ń dí ní ọdọọdún.

2.0 Ilẹ̀, Omi àti Orúkọ

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ kò lè mọ ọ̀nà. Òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pọ̀; ó ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta, kì í sì í tán títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Erùpẹ̀ pupa tí ó fún Òkìtìpupa ní orúkọ rẹ̀ a máa le bí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá bọ́ sí i, a máa yọ̀ bí ilá. Bí a ti ń sún mọ́ gúsù, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀, àbàtà àti igi ògùrọ̀ sì ń gba ipò igbó kìjikìji. Odò Olúwa àti àwọn odò kéékèèké tí ó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà ni ó pín ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́.

Orúkọ àwọn ìlú agbègbè náà jẹ́ àkọsílẹ̀ irú ilẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan náà tí a ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ igbó: Ìgbotakò, Igbódígò, Igbókòdá ní ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, àti Igbóbíní ní ọ̀dọ̀ àwọn Àpóì. Ní ìdàkejì, àwọn ìlú ọba a máa jẹ́ Òde: Òde-Ìdẹpẹ́ tí Òkìtìpupa òde òní dàgbà yí ká, Òde-Ìrèlè, Òde-Ayé, Òde-Erínjẹ. Òde ni ibi gbangba tí a ti ṣán, tí oòrùn ń là sí, tí ènìyàn ń pé jọ sí. Bí a bá fi orúkọ méjèèjì síra, a ó rí bí àwọn baba ńlá ṣe wo ayé wọn: òde díẹ̀ láàárín igbó púpọ̀. Ọ̀nà ni ó so òde kan mọ́ èkejì. Bí ọ̀nà bá dí, òde a máa padà di erékùṣù inú igbó.

3.0 Ọ̀nà Ẹsẹ̀ àti Ọ̀nà Omi

Ọdẹ ni ó sábà ń ṣáájú nínú ìtàn ọ̀nà igbó. Ẹranko a máa ní ipa tí ó ń tọ̀ lọ sí ibi omi. Ọdẹ a tọ ipa ẹranko. Àgbẹ̀ a tọ ipa ọdẹ lọ sí oko tuntun. Nígbà tí oko bá di abà, tí abà di ìletò, ipa ọdẹ ti di ọ̀nà. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í tọ́ gbọnrangandan. Ó ń yí ìdí igi ńlá po, ó ń yà fún àbàtà, ó sì ń wá ibi tí odò ti fún kí ìtì igi kan lè tó láti fi ṣe afárá. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkè lè sọ pé ọ̀nà náà ń ṣe wọ́kuwọ̀ku, ṣùgbọ́n gbogbo ìyípo rẹ̀ ni ó ní ìdí.

Ìtọ́jú ọ̀nà jẹ́ iṣẹ́ ìlú. Bí òjò bá ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a yọ àdá, ìlú kọ̀ọ̀kan a sì ro ọ̀nà rẹ̀ dé ààlà, níbi tí àwọn ará ìlú kejì yóò ti pàdé wọn. Ètò ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí ó gbilẹ̀ ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá mú irú iṣẹ́ báyìí rọrùn, nítorí pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ó kàn án. Ẹni tí ó ń gba ọ̀nà ni ó ń ro ọ̀nà. Ẹni tí ó ń ro ó ni ó sì mọ ibi tí ó ti ń bàjẹ́.

Bí igbó ti ní ọ̀nà tirẹ̀ ni omi náà ní. Ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ àwọn Ìlàjẹ wá sí èbúté, òun náà ni ó sì ń gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa àwọn Ìkálẹ̀ padà. Ọjà ni ibi ìpàdé ọ̀nà méjèèjì. Kí ọjà tó lè tòrò, ìbúra gbọ́dọ̀ wà. Ìtàn tí a mọ̀ káàkiri agbègbè náà ni pé májẹ̀mú àlàáfíà láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ́ ni ó bí ìbọ Ayélála, òrìṣà tí àwọn Ìkálẹ̀ pẹ̀lú ń bẹ̀rù. Níbi tí kò sí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ìbúra ni ó ń ṣọ́ arìnrìn-àjò.

4.0 Ọ̀nà Òǹdó

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àlejò ṣí nítorí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni èyí tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ọ̀nà Òǹdó. S. A. Akíntóyè kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì lórí rẹ̀ ní 1969. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, òwò Èkó gbára lé epo àti ẹ̀kùrọ́ tí ń bọ̀ láti òkè. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó ni ọ̀nà tí ó kúrú jù, wọ́n sì ń tì í nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di àríyànjiyàn. John Hawley Glover, alákòóso Èkó tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ́lọ́bà, wá ọ̀nà tí kò ní gba ọwọ́ wọn. Ó yíjú sí ìlà oòrùn.

Ní 1872, ó rán Roger Goldsworthy lọ sí ilẹ̀ Òǹdó láti bá wọn parí ìjà abẹ́lé, kí àwọn ènìyàn lè padà sí Òde-Òǹdó, kí ọ̀nà sì là. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn, ó kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kẹ̀, ó sì dé àwọn èbúté bí Àtíjẹ́rẹ́, Ìtẹ́bù àti Ayésàn. Níbẹ̀ ni ẹrù ti bọ́ sórí aláàárù. Láti Ayésàn, igbó ni títí dé Òde-Òǹdó, ọ̀nà náà sì gba ibẹ̀ lọ sí Iléṣà, Èkìtì àti òkè lọ́hùn-ún. Etí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀nà yìí tẹ̀.

Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ológun kò sì tú ká títí di 1893, ni ó sọ ọ̀nà yìí di ọ̀nà ẹ̀mí fún Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó gba ibẹ̀ fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lójú ogun. Àwọn oníwàásù náà gba ibẹ̀. Charles Phillips, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, fi Òde-Òǹdó ṣe ibùjókòó láti 1877, òun àti Samuel Johnson sì wà nínú àwọn tí ìjọba Èkó rán ní 1886 láti bá àwọn ọmọ ogun ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ọ̀nà náà níyì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Jámánì pàápàá fi wá bá Amapetu Máhìn ṣe àdéhùn ní 1885, kí wọ́n lè ní ẹnu ọ̀nà tiwọn létí òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ó pẹ́ tí wọ́n fi gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ó pa ọ̀nà yìí kò ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rárá. Ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà tí ó kúrú sì là. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Kò sí ìdí mọ́ tí oníṣòwò Èkó yóò fi máa yí po gba ọ̀sà àti igbó. Èbúté tí aláàárù ti ń pariwo di ibi ìdákẹ́rọ́rọ́, igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀nà náà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọ àárín. Bí ó ti jẹ́ pé ìjà ẹlòmíràn ni ó là á, ìparí ìjà ẹlòmíràn náà ni ó tì í.

5.0 Àwọn tí ó Wá Ọ̀dà Ilẹ̀

Kò pẹ́ tí àlejò kejì fi dé. Lábẹ́ ilẹ̀ apá gúsù Òǹdó àti Ògùn títí wọ Ẹdó, ọ̀dà ilẹ̀ wà nínú iyanrìn. Níbòmíràn ó ń sun jáde fúnra rẹ̀, àwọn ará abúlé sì mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìgbànú ilẹ̀ tí ọ̀dà yìí wà gùn tó 120 kìlómítà. Ní 1908, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation tí John Simon Bergheim dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Aráròmí, nínú ohun tí ó di ẹkùn Òkìtìpupa. Ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sábà ń gbàgbé ni pé ibí ni ìwákiri epo rọ̀bì ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, nǹkan bí ọdún méjìdínláàádọ́ta ṣáájú kí a tó rí epo tí ó tó tà ní Olóíbírì ní 1956.

Irin tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ẹrù aláàárù. Omi ni ó lè gbé e dé ìtòsí, lẹ́yìn náà igbó gbọ́dọ̀ là fún un. Ní àsìkò kan náà, ìjọba àmúnisìn ti fún àwọn Ajẹ́lẹ̀ ní agbára lórí ọ̀nà. Òfin kan tí ìjọba Gúsù Nàìjíríà ṣe ní 1903 lórí ọ̀nà àti odò pàṣẹ pé kí àwọn olóyè kó ènìyàn jáde láti máa ro ọ̀nà kí wọ́n sì máa tún ojú odò ṣe fún iye ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá kọ̀ yóò jìyà. Lójú àwọn tí ó ṣe òfin náà, àṣà àtijọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀: iṣẹ́ ìlú ti di iṣẹ́ ọba òyìnbó. Ọ̀nà tí ènìyàn ń ro nítorí pé yóò gbà á lọ sí ọjà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ó ń ro nítorí pé Ajẹ́lẹ̀ yóò gbà á wá gba owó orí.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ ọ̀dà sì dúró. Kànga tí ilé iṣẹ́ náà gbẹ́ sí Agbábù, tí a ń pè ní NBC-7, ṣì jẹ́ ibi tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lọ wò. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ tún padà lọ gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè náà láti mọ bí ọ̀dà náà ti pọ̀ tó. Láti ìgbà náà, ìjọba kan lẹ́yìn èkejì ti ṣe ìlérí ìwakùsà, síbẹ̀ òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀dà tí ó fi ń tẹ́ títì. Yorùbá ní a kì í gbé inú odò kí ọṣẹ pa ni lójú. Ọ̀dà tí ó lè tẹ́ títì gbogbo Nàìjíríà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tí ẹrẹ̀ ń mu dé orúnkún lójú ọ̀nà oko.

6.0 Ọ̀nà Agbégilódò

Àlejò kẹta ni ó pẹ́ jù, òun náà ni ó sì yí igbó padà jù. Ìrókò, ọ̀gànwó, ọ̀pẹ̀pẹ̀, afàrà àti àwọn igi mìíràn ni oníṣòwò gẹdú wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbára ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni a fi ń gé igi, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò sì yí i lórí àwọn igi róbótó tí a tò sílẹ̀ títí dé etí odò. Níbẹ̀ ni a ti ń dè é pọ̀. Igi tí ó wúwo a máa rì, nítorí náà a ní láti so ó mọ́ èyí tí ó fúyẹ́ kí méjèèjì lè jọ léfòó. Omi a gbé wọn gba ọ̀sà lọ sí Èkó, níbi tí Òkobàbà ní Èbúté-Mẹ́ta ti jẹ́ ojúkò àwọn ilé ìlagi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọkọ̀ tí ó ń kó gẹdú, agbégilódò, ń rántí àsìkò tí odò àti ọkọ̀ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kàtàpílà àti ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń yí igi. Kàtàpílà kò yí ìdí igi po bí ọ̀nà ọdẹ. Ó ń wó ohun tí ó bá pàdé. Ọ̀nà tí ó là gbòòrò, oòrùn sì ń pa ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò sí ewé lókè mọ́ láti gba òjò, ẹ̀kán òjò a máa bọ́ lu erùpẹ̀ tààrà. Táyà agbégilódò a fa poro méjì sílẹ̀. Omi a tọ poro náà. Ní ọdún kejì, poro ti di ọ̀gbun. Ìdí nìyí tí ọ̀nà gẹdú kì í fi pẹ́: ẹni tí ó là á kò ní in lọ́kàn pé kí ó pẹ́. Bí igi tí ó fẹ́ bá ti tán, iṣẹ́ ọ̀nà náà ti parí.

Bí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá dá páropáro, ewéko kan wà tí ó máa ń kọ́kọ́ dé. Yorùbá ń pè é ní Akíntọ́lá-takú. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé inú irúgbìn mẹlínà tí a kó wá láti Ceylon ní 1937 ni ó fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ ti inú rògbòdìyàn ìṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn ní 1962 jáde, nígbà tí Olórí Ìjọba S. L. Akíntọ́lá kọ̀ láti fi ipò sílẹ̀. Bí a ti ń ro ewéko náà ni ó ń hù. Ó yẹ fún àkíyèsí pé mẹlínà kan náà ni ìjọba gbìn lọ salalu sínú igbó ọba Olúwa àti Ọ̀mọ̀, kí ó lè di ohun èlò fún ilé iṣẹ́ ìwé Ìwópìn, ilé iṣẹ́ tí kò ṣe iṣẹ́ tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Igi ti dàgbà, ọ̀nà sì ti là, ṣùgbọ́n ìwé kò jáde.

Síbẹ̀, gbogbo ọ̀nà gẹdú kọ́ ni ó parẹ́. Níbi tí àgbẹ̀ ti tẹ̀ lé agbégilódò wọ inú igbó láti gbin kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́, ọ̀nà náà kò kú. Abà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ń fi òkúta dí ọ̀gbun, wọ́n ń fi ìtì igi tẹ́ ojú odò. Ọ̀nà àjèjì ti di ọ̀nà onílé. Ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì, kò sì yẹ kí òpìtàn fi ọ̀kan pamọ́: ọ̀nà kan náà tí ó gbé ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́ ni ó gbé ayùn oníjìnnì dé ìdí igi tí ó kẹ́yìn. Igbó Ọ̀mọ̀ tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Olúwa ṣì ní erin díẹ̀. Ọ̀nà tuntun kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ń dín ibi ìsádi wọn kù.

7.0 Títì, Ogun àti Ọ̀nà Oko

Títì tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde gba Òrè lọ sí Benin yí ojú ilẹ̀ náà padà. Ẹni tí ó ti ń wo gúsù, níbi tí omi wà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àríwá, níbi tí ọkọ̀ ń gbà. Òrè di oríta ńlá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, 1967, tí wọ́n sì dojú kọ Èkó, Òrè ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ogun náà fi yé gbogbo ènìyàn pé oríta kan láàárín igbó lè di ẹnu ọ̀nà orílẹ̀-èdè.

Ní àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ní 1976 pàápàá, oko ọ̀pẹ ńlá Òkìtìpupa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà di kánjúkánjú. Ẹyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti bẹ́ ẹ, ó yẹ kí ó dé ilé ìfúnpo láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo rẹ̀ a máa kan, iye rẹ̀ a sì já wálẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó bàjẹ́ ní oṣù kẹfà jẹ́ gbèsè lọ́rùn àgbẹ̀ kékeré. Ní 1986, ìjọba ológun àpapọ̀ dá àjọ DFRRI sílẹ̀ láti la ọ̀nà oko káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí àjọ náà là. Nígbà tí àjọ náà kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò sí ẹni tí a fi ìtọ́jú wọn lé lọ́wọ́, òjò sì ṣe tirẹ̀.

Ohun tí ó wá dípò ni alùpùpù. Ọ̀kadà kò bèèrè ju ipa kan tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì lọ, ó sì lè yí ìdí igi po bí ẹsẹ̀ ọdẹ. Ó ń gbé ẹyìn, ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lọ́nà kan, ilẹ̀ náà ti padà sí ọ̀nà wọ́kuwọ̀ku àtijọ́.

8.0 Ọ̀nà Igbó gẹ́gẹ́ bí Ohun Ìgbafẹ́

Ní ilẹ̀ mìíràn, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ là tí ó sì kọ̀ sílẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń sanwó láti lọ wò. Àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà ní aginjù àríwá Kánádà. Láàárín 1942 sí 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà la ọ̀nà kan láti lè gbé ọ̀pá epo rọ̀bì láti Norman Wells lọ sí Whitehorse. Wọ́n pè é ní Canol. Ní 1945, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó dípẹtà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, apá kan ọ̀nà náà tí ó wà ní Yukon tún ṣí fún ọkọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tí ó ń wakọ̀ jíìpù gba ibẹ̀ lónìí ń lọ wo òkè, odò àti ẹranko. Apá kejì, níbi tí afárá ti wó, ti di ti àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ìtàn ọ̀nà náà wà nínú ohun tí wọ́n ń lọ wò, nítorí pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, irú ìrìn-àjò báyìí kì í ṣe àjèjì. Láti 1962 ni Yankari ní àríwá ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ó fẹ́ wakọ̀ wo erin. Láti 1991 ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ti wà nínú ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè tí a fi Ọ̀yọ́ àtijọ́ sọ lórúkọ, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ga nílẹ̀ ni ó sì dára jù láti fi wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní ohun tí ó tó wò: kànga NBC-7, èbúté Ọ̀nà Òǹdó, odò Olúwa, igbó mẹlínà tí ó tò gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Ohun tí kò sí ni àkọsílẹ̀ àti àmì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀nà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn ẹni tí ó bá ń pète irú nǹkan báyìí. Bí ọ̀nà ìgbafẹ́ bá wà fún àlejò nìkan, tí ará abúlé kò rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀, yóò di ọ̀nà àlejò kẹrin, òpin rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣáájú.

9.0 Ohun tí Ó Kan Olùkọ́

Àwọn tí ó mọ orúkọ odò kéékèèké àti ibi tí ọ̀nà àtijọ́ ti pàdé ń dàgbà, wọ́n sì ń kú. Olùkọ́ tí a bá gbé lọ sí agbègbè bẹ́ẹ̀ lè fi iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe àkójọ. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bèèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sí oko, orúkọ odò tí ó wà lójú ọ̀nà náà, àti ẹni tí ó ń ro ó nígbà kan rí. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì ya àwòrán ọ̀nà wọ̀nyí sórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà ṣe pè é, kí a má sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí pé inú ìró orúkọ ni ìtàn sábà máa ń sá sí. Fóònù alágbèéká lè gba ohùn àgbà sílẹ̀, ó sì lè fi ibi tí oríta wà hàn.

Iṣẹ́ yìí so ẹ̀kọ́ ìtàn, èdè àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ pọ̀, kò sì ná ilé ẹ̀kọ́ ní owó ńlá.

10.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti tọ ọ̀nà inú igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọdẹ dé táyà ọ̀kadà. Ó ti hàn pé Ọ̀nà Òǹdó gbilẹ̀ nígbà tí Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà tirẹ̀, ó sì rọ nígbà tí ti Ìjẹ̀bú là. Pé ọ̀nà ọ̀dà dópin nígbà tí ogun dé ní ilẹ̀ Yúróòpù. Pé ọ̀nà gẹdú ń kú bí igi bá ti tán. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀nà tí ó wà láàyè ni èyí tí àwọn tí ó ń gbà á ní ọwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ìjọba tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà sí ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì kí kàtàpílà tó gbéra: ta ni yóò máa gba ọ̀nà yìí bí ohun tí a fẹ́ kó jáde bá tán, owó wo sì ni yóò fi máa tún un ṣe? Ẹni tí ó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti jìn sí kòtò kan náà. Ó tó kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wo ilẹ̀ kí ó tó gbẹ́sẹ̀.